Géètì Ilé Ìdákẹ́ Kò Ní Kọ́kọ́rọ́

Adó Road, Ajah.
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Jókòó kí o tó ka lẹ́tà yìí. Bó bá jẹ́ ẹnu iṣẹ́ lo wà, ká a padà, fi í sápò, kí o kà á nígbà tí o bá délé, ìyẹn bí wọ́n bá ṣì ń jẹ́ kí o délé. Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ, mi ò kọ lẹ́tà sí ọ rí. Orí fóònù la ti ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ wa. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń sọ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa gé e jẹ, kí n tún máa bi ọ́ pé ibo ni mo bá a dé.

Mo ti ta géèmù rẹ. Bóyá títa ni wọ́n ń ta á, bóyá gbígbá ni wọ́n ń gbá a, ìwọ lo mọ ìyẹn, mo ṣáà ti jókòó tì í. Láàpútọ́ọ̀pù tí o fi sílẹ̀ fún mi nígbà tí ò ń lọ sí Kánádà, orí tábìlì ìyá rẹ ni mo gbé e lé, níbi tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ máa ń wà nígbà ayé rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú mẹ́rin ni mo fi rìn nínú ilé tí o kọ́ sínú rẹ̀. Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ fún mi pé géèmù nípa ẹgbẹ́ òkùnkùn ni, àwọn ọmọ yunifásítì tó ń fi àáké lé ara wọn ni mo rò pé ò ń wí. Àfi ìgbà tí mo wọlé, tí mo rí àwọn ẹní tí wọ́n tò sílẹ̀, tí mo rí bàtà tí gbogbo wọn kọjú sí ògiri, tí mo rí pátákó tí o kọ ọ́ sí pé kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sán.  Ilé Ìdákẹ́ ni. Ibi tí mo lo ọdún mẹ́rin sí lẹ́yìn Ẹlẹ́kọ̀ nígbà èwe mi, tí mo ti ń sọ ìtàn rẹ̀ fún ọ díẹ̀díẹ̀ láti kékeré, òun lo kó sínú ẹ̀rọ.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, jẹ́ kí n bá ọ wí nípa ògiri yẹn. Ìwọ ọmọ bíríkìlà, o to búlọ́ọ̀kù léra wọn lórí, ojú ìsopọ̀ wà lórí ojú ìsopọ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè. Ògiri wo ló ń dúró bẹ́ẹ̀? Òjò kan péré, ó ti wó. Àárín búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ ni ojú ìsopọ̀ tòkè gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ pé bàbá rẹ ló wí bẹ́ẹ̀.

Yàtọ̀ sí ògiri, mo fẹ́ràn rẹ̀. Kò síbọn níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í lé ènìyàn. Èèyàn kàn ń rìn ni, á mú ṣíbí kan, á mú bàtà kan, á wá gbọ́ ohùn ẹni tó ni ín. Ó yé mi gan-an. Nínú gbogbo yàrá tí mo wọ̀, mi ò pàdé ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ ogójì ènìyàn ló yẹ kó máa gbé ibẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn. A pọ̀ níbẹ̀, olúkúlùkù wa sì dá wà.

Iṣẹ́ tí o rán mi ló mú kí n kọ̀wé. O ní kí n ka ọ̀rọ̀ bíríkìlà inú géèmù náà sínú fóònù kí n fi ránṣẹ́. "Dádì, ohùn yín ni mo fẹ́. Kò sí ẹni tó lè ṣe é bíi tiyín. Kò ju ìlà méjìlá lọ. Tóṣù yìí bá ti parí, wọ́n máa ti géèmù náà pa, a ò ní lè fi nǹkankan kún un mọ́." Mo gbé ìwé tí o kọ ọ̀rọ̀ náà sí, mo wọ awò ojú mi. Ìlà kẹta ni mo dé tí mo rí i tí o kọ ọ́ pé: "Wọ́n ti géètì mọ́ mi. Ìyá mi ń ké níta, mi ò rí kọ́kọ́rọ́." Mi ò lè kà á. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo gbìyànjú rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, géètì Ilé Ìdákẹ́ kò ní kọ́kọ́rọ́. Kò ní in rí. Irọ́ ni mo pa fún ọ.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti ju ogún ọdún lọ. Bí mo bá dákẹ́, géèmù rẹ á jáde láyé pẹ̀lú irọ́ mi nínú rẹ̀, àwọn ènìyàn tí mi ò mọ̀ á máa káàánú ọkùnrin tí kò yẹ kí wọ́n káàánú. Bí mo bá sì sọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí n pàdánù ẹnì kan ṣoṣo tó ń pè mí lọ́jọ́ Àìkú. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò radìẹ. Mo ti rò ó títí, màá sọ ọ́. Bí mo bá ṣe ń sọ ọ́ ni màá máa fa ìmọ̀ràn yọ nínú rẹ̀, nítorí ìwọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílùú tí o kò ti mọ ẹnikẹ́ni, bí èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìmọ̀ràn kìn-ín-ní dá lórí oúnjẹ. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà tí mo kúrò ní Ìkirè wá sí Lẹ́kì. Òpópónà márosẹ̀ ti wà nígbà náà, ṣùgbọ́n igbó àti àbàtà ló wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀. Inú ilé tí à ń kọ́ lọ́wọ́ ni mo ń sùn, lórí páálí àpò sìmẹ́ńtì, láìsí ilẹ̀kùn, láìsí fèrèsé. Odidi oṣù mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò bi mí pé kí lorúkọ mi. "Bíríkìlà, gbé e wá. Bíríkìlà, ó ti wọ́." Nígbà tí ọdún Iléyá dé, àwọn lébúrà lọ sílé, ibà dá mi wó, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta láìsí ẹni tí yóò kí mi ẹ kú àárọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ aláwọ̀ eérú gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá. Ó jókòó tì mí títí mo fi mu ún tán. Ó wá bi mí pé, "Arákùnrin, kí ni wọ́n ń pè yín?" Mo bú sẹ́kún. Nígbà tí ara mi yá, mo di ẹrù mi, mo tẹ̀lé e lọ sí Ilé Ìdákẹ́.

Ẹni tó bá fún ọ lóúnjẹ lọ́jọ́ tébi ń pa ọ́, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ náà tó. Má tìtorí rẹ̀ gbà pé òun ni ẹbí rẹ.

Ìkejì, má bẹ̀rẹ̀ géèmù rẹ pẹ̀lú ẹ̀rù. Orin tí o fi síbẹ̀, tó ń dún bí ìgbà tí ejò ń bọ̀, yọ ọ́ kúrò. Adùn ni Ilé Ìdákẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Olórí wa, Òbí là ń pè é. Kò lórúkọ mìíràn. Gbogbo wa jẹ́ ọmọ rẹ̀, arúgbó tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí náà ọmọ ni. Kì í pariwo. Kò na ẹnikẹ́ni rí. Ó máa ń mọ̀ bí orí bá ń fọ́ ọ, á ní kí o lọ dùbúlẹ̀. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti ìdájí títí oòrùn á fi kan àtàrí, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì dùn mọ́ èmi tí ariwo saìtì ti fọ́ létí. Ọdún kan kọjá kí n tó fura pé mi ò gbọ́ orúkọ àwọn òbí ẹnikẹ́ni rí. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pe ẹnì kejì ní oríkì. Òbí ní okùn tí àwọn òkú fi ń fa alààyè ni oríkì. Mo mi orí. Ohun tó máa gbé ènìyàn mì, kì í kọ́kọ́ bù ú jẹ.

Torí náà, bí ibi kan bá dùn jù, wò ó bóyá wọ́n ṣì ń jẹ́ kí ènìyàn dárúkọ ilé rẹ̀ níbẹ̀. Ìyẹn nìkan ni kí o wò.

Ìkẹta, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. O mọ̀ pé mo máa ń yangàn nípa ògiri mi, ìyá rẹ sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo máa ń dúró lójú ọ̀nà wo ògiri tí wọn kò tíì san owó rẹ̀ fún mi bí ẹni ń wo ìyàwó. Òbí rí i lára mi. Ó ní Ọlọ́run ló rán bíríkìlà sí wọn, ó ní kí n mọ odi yí ilé náà ká. Kò sí ẹni tó fipá mú mi. Inú mi dùn dé gongo. Mo na okùn, mo gbẹ́ ìpìlẹ̀, mo mọ odi kan tí ó tọ́ débi pé àwọn ará abúlé ń wá wò ó. Ọwọ́ mi yìí ló mọ ọ́n, gbogbo búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Nínú ìwé tí o kọ, o ní àwọn kan tó gbé pàṣán lọ́wọ́ ló dúró ti bíríkìlà náà. Yọ wọ́n kúrò. Ìyìn ló dúró tì mí. Ẹni tó bá mọ ohun tí o mọ̀ ọ́n ṣe, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń yìn ọ́, kò nílò pàṣán.

Géètì náà ńkọ́? Páànù méjì ni, pẹ̀lú ìkọ́ irin kan ṣoṣo láti inú. Mo máa ń bínú sí i, nítorí ó ba odi mi jẹ́. Ewúrẹ́ abúlé máa ń fi orí kàn án wọlé wá jẹ ẹ̀fọ́ wa. Ewúrẹ́ ń ṣí i, Àbẹ̀kẹ́. Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta ni mo fi wá kọ́kọ́rọ́ nínú géèmù rẹ, lábẹ́ ẹní, nínú ìkòkò, nínú bàtà Òbí. Nígbà tí mo wá rí i nínú àpótí, mo pa ẹ̀rọ náà dé, mo lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ojú sì tì mí.

Wàyí o, ìyá mi. Ìyá àgbà rẹ tí o kò rí rí. Dòdò Ìkirè ló ń tà, dúdú bí ó ṣe yẹ kó dúdú, tí wọ́n wé sínú ewé. Mi ò rí i láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, mi ò sì fi ìwé kankan ránṣẹ́. Ọdún kejì mi nínú Ilé Ìdákẹ́, ẹnì kan láti ìlú wa rí mi níbi tí mo ti ń ra sìmẹ́ńtì, ó sì lọ sọ fún un. Láti Ìkirè ló ti wọkọ̀ wá dé Ajah, láti Ajah dé Ẹlẹ́kọ̀. Àárọ̀ ló dé, nígbà tí ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀. Odi náà kò tíì ju àyà mi lọ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo gbójú sókè, mo rí gèlè rẹ̀.

"Àlàmú," ló pè mí. "Èmi ni. Mo gbé dòdò wá."

Mo yíjú padà. Ó kí gbogbo wa pé a kú iṣẹ́. Kò sí ẹni tó dáhùn. Ó gbé dòdò náà sórí odi, ó lọ. Òbí ní kí a kó o dànù, mo sì kó o dànù.

Ó tún wá. Ìgbà kejì, bákan náà. Ìgbà kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí. Ó ki bàbá mi, ó ki bàbá bàbá mi, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi díẹ̀díẹ̀.  Gbogbo wọn ń wò mí. Òbí jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Nínú ọdún mẹ́rin tí mo lò níbẹ̀, ọjọ́ yẹn nìkan ni mo la ẹnu kí ọ̀sán tó pọ́n. Ohun tí mo sọ fún ìyá mi nìyí: "Ẹ má wá síbí mọ́. Mi ò mọ̀ yín. Òbí mi wà nínú ilé."

Nínú ìwé tí o kọ, ìyá bíríkìlà ń yí ilẹ̀, ó ń gbé ọmú lé ọwọ́, ó ń búra. Ìyá mi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún gèlè rẹ̀ dì. Ó ní, "Ó dáa. Ṣé ò ń jẹun?"

 Mo bu sìmẹ́ńtì, mo gbé búlọ́ọ̀kù tó kàn lé e. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, Òbí kó wa jọ. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀, ìyà wà fún un, ọjọ́ méjì láìjẹun. Ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ lé mi lórí níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní òní ni wọ́n bí mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́, èmi sì ń gba àtẹ́wọ́ lórí ẹyin tó fọ́.

Èyí tó burú jù ni mo fẹ́ sọ báyìí. Lọ́jọ́ kejì, mo fi kóòsì méjì kún odi náà, ìyẹn ìlà búlọ́ọ̀kù méjì gbáko, níbi tí ìyá mi máa ń dúró sí. Òbí kò rán mi. Èmi ni mo dábàá rẹ̀. Kí n má baà rí gèlè rẹ̀ mọ́ ni. Ó tún wá lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn náà. Kò pè mí. Mo kàn ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lẹ́yìn odi. Ó lè fi ọwọ́ ti géètì yẹn, ewúrẹ́ ń tì í. Kò tì í. Ó ń dúró kí ọmọ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún un.

Ìmọ̀ràn tó wà níbí, mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́ kó dùn. Ṣe bó ṣe wù ọ́ pẹ̀lú mi. Bínú sí mi, bá mi jà. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pàtẹ́wọ́ fún ọ nítorí pé o lé ẹni tó bí ọ. Bí àtẹ́wọ́ bá ti wà níbẹ̀, sá.

Mo gbọ́dọ̀ bi ọ́ ní nǹkan. Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta rèé tí o kò pè. O ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé inú apẹ̀rẹ̀ kan lẹ ń kó fóònù yín sí láàárọ̀, kí ọkàn gbogbo yín lè wà lẹ́nu iṣẹ́, pé àwọn mìíràn ń sùn síbẹ̀ nítorí géèmù yìí. Mo pè ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹlòmíràn ló gbé e. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì imú bá mi sọ̀rọ̀, ó ní ọwọ́ rẹ dí, pé ẹbí kan ni gbogbo yín níbẹ̀, wọ́n ń tọ́jú ọ, kí n fọkàn balẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mi ò lè dìde nílẹ̀ títí oúnjẹ tó wà lórí iná fi jóná. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ibi tí ìyá mi dúró sí.

Mi ò sọ pé ilé iṣẹ́ yín jọ Ilé Ìdákẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iṣẹ́ lásán ló pọ̀, kí bàbá arúgbó kan máa ro ìròkurò nítorí pé ó dá wà nínú yàrá. Mo dá wà lóòótọ́, jẹ́ kí n sọ ọ́. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, mo lè fi ọjọ́ méjì má la ẹnu, bí kì í bá ṣe pé mo bá ẹni tí mo fẹ́ ra búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ bá dí, fi ẹnu ara rẹ sọ fún mi pé ọwọ́ rẹ dí. Má jẹ́ kí ẹlòmíràn máa bá ọ sọ ọ́.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Èyí tó kàn ni ọ̀rọ̀ ìtìjú. Ní ọdún kẹrin, Òbí tún rán mi lọ ra sìmẹ́ńtì ní Ajah. Létí òpópónà márosẹ̀ ni mo ti pàdé Múfú, ọmọ àdúgbò wa ní Ìkirè. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Àlàmú, o kú àṣẹ̀yìndè ìyá o. Ọlọ́run á jẹ́ kó jìnnà síra wọn." O mọ ẹni tí à ń kí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti sin òbí rẹ̀ tó sì ti ìsìnkú dé là ń kí. Múfú kò sí nílé nígbà yẹn, ó rò pé èmi àkọ́bí ló sin ìyá mi. Àṣé ó ti tó ogójì ọjọ́ tí ìyá mi ti wà nínú ilẹ̀, àbúrò mi obìnrin ló dá ṣe gbogbo rẹ̀. Mo wo Múfú lójú, mo ní, "A dúpẹ́ o, o ṣé." Mo gba ìkíni tí kì í ṣe tèmi. Mo ra sìmẹ́ńtì mi, mo gbé e padà sí Ilé Ìdákẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo padà. Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo tún lò. Kì í ṣe pé mo ṣì gba Òbí gbọ́. Ó ti tán lára mi létí ọ̀nà yẹn. Ojú ló ń tì mí. Mo rò pé bí mo bá jáde, gbogbo ènìyàn á bi mí pé kí ló dé tí mi ò jáde nígbà tí ìyá mi wà láyé, mi ò sì ní èsì. Òbí kò dá mi dúró lọ́dọ̀ rẹ̀, ìtìjú ló dá mi dúró. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo kàn gbé ìkọ́ irin yẹn sókè, mo jáde. Arábìnrin kan tó ń gbálẹ̀ rí mi, ó sì ń gbálẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kò dì mí mú.

Bó o bá ti ṣìnà, Àbẹ̀kẹ́, ì báà jẹ́ ọdún mélòó lo ti rìn lójú ọ̀nà náà, yí padà lọ́jọ́ tí o mọ̀. Má dúró wá ohun tí wàá wí. Mi ò ní bi ọ́ ní nǹkankan. Ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé, àgbà tó bá ṣípá náà, ó yẹ kí wọ́n gbé e.

Obìnrin kan wà tó ń yan ẹja nítòsí géètì wa, Ìyá Rísí, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀. Mo yà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo jáde, nítorí mi ò mọ ibi tí mò ń lọ. Ó bi mí bóyá èmi ni ọmọ ìyá onídòdò. Ó ní ọ̀dọ̀ òun ni ìyá mi máa ń jókòó sí kó tó padà. Ó ní ìyá mi sọ fún òun pé ọ̀gá pátápátá ni ọmọ òun nínú ilé yẹn, pé òun ló ń kọ́ ilé náà, ọwọ́ rẹ̀ dí, ni kò ṣe lè jáde. Ìyá mi bò mí láṣírí lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ rí. Nígbà tí mo wá pàdé ìyá rẹ lọ́dún méjì lẹ́yìn náà, tó bi mí nípa ibẹ̀, mo sọ fún un pé wọ́n tì wá mọ́lé ni. Ó káàánú mi. Ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, wọ́n á káàánú rẹ̀. Ẹni tí wọn kò tì mọ́lé, ìbéèrè ni wọ́n á bi í. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mo sì ń sọ ọ́ títí o fi dàgbà tí o fi kọ́ géèmù lé e lórí.

Ilé Ìdákẹ́ kò sí mọ́. Òbí kú, wọ́n túká, ẹbí Ìyá Rísí gba ilẹ̀ wọn padà, wọ́n tà á, ẹsítéètì ló wà níbẹ̀ báyìí. Inú ẹ̀rọ rẹ nìkan ló kù sí. Nítorí náà, kọ ọ́ bó ṣe rí. Yọ kọ́kọ́rọ́ náà kúrò. Jẹ́ kí géètì yẹn wà ní ṣíṣí láti ìṣẹ́jú kìn-ín-ní, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ta géèmù náà lè jáde nígbà tó bá wù ú, kí ó wá rí i fúnra rẹ̀ bó ṣe pẹ́ tó kí ó tó dán an wò. Bí àwọn ọ̀gá rẹ bá ní kò dùn bẹ́ẹ̀, bá wọn jà.

Mo ti ka ọ̀rọ̀ náà sínú fóònù lánàá, mo sì ti fi ránṣẹ́. Mo ka gbogbo ohun tó jẹ́ òótọ́ nínú ohun tí o kọ. Níbi tí kọ́kọ́rọ́ wà, mo fò ó, mo fi ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ìyá mi rọ́pò rẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Má jẹ́ kí wọ́n gé e. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o ka ti ìyá mi, má gbé e fún ẹlòmíràn, nítorí àbúrò mi máa ń sọ pé ohùn rẹ ni ohùn ìyá wa. Mo fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ibi tí "Ṣé ò ń jẹun?" máa bọ́ sí. Mi ò dáhùn lọ́jọ́ náà, má ṣe fi orin dí àyè yẹn.

Má pè mí lọ́jọ́ tí o bá ka lẹ́tà yìí. Kọ́kọ́ bínú tán. Ṣùgbọ́n jẹun kí o tó gbọ́ ohùn yẹn, kí o sì jókòó síbi tí o ti dá wà. Ọkùnrin tí wàá gbọ́ níbẹ̀, o kò mọ̀ ọ́n rí. Bàbá rẹ náà ni.

Àlàmú